Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní Èkìtì: ẹ béèrè èdè tí ọmọ ń sọ kí ẹ tó pè é ní olódo

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Sí Alága àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ SUBEB, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Sí gbogbo prínsípà tó ń darí JSS (ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama) ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí a ní.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní JSS, ní ìlà-oòrùn Èkìtì, lápá ibi tí ọ̀nà Òmùò ti ń wọ Kogí. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń sọ èdè kan nílé, tí wọ́n ń gbọ́ òmíràn lójú títì, tí a sì ń fi ẹ̀kẹta kọ́ wọn, tí a tún ń fi dán wọn wò, ni mo gbé wá. Wọ́n pọ̀ lábẹ́ àkóso yín. N kò sì tíì rí fọ́ọ̀mù tàbí ìwé kan nílé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ rí tó fi hàn pé a mọ̀ pé wọ́n wà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ìkéde tí Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ṣe ní Àbújá ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, èyí tó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi máa kọ́ wọn. Ìròyìn náà kò tíì tutù tí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa, tí n kò ní dárúkọ, fi lẹ ìwé mọ́ ògiri: ọmọ tó bá sọ "vernacular" yóò san ₦50. Olórí kíláàsì ló ń kọ orúkọ sílẹ̀. Wọ́n fi ìwé ìkọ̀rúkọ náà hàn mí. Lójú ewé kan ṣoṣo, orúkọ ọmọbìnrin Fúlàní kan tó wà ní JSS 2 jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọmọ náà kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 1 ló máa ń wá bá a lákòókò ìsinmi pé kí ni tíṣà sọ, òun náà á sì ṣàlàyé fún un ní Fúlfúldé. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, bí àbúrò rẹ̀ bá ń bọ̀, ńṣe ló ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀dùn ọkàn lásán ni mo kọ.

1. Ta ni àwọn ọmọ tí mò ń sọ?

Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì ní Adó lè rò pé Yorùbá ni gbogbo ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkìtì. Ẹ wá sí àwọn àbà tó yí Òmùò, Ìkọ́lé, Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùré ká. Ẹ ó bá àwọn Ébìrà tó ti ń dáko níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ẹ ó bá àwọn Ìgèdè láti Bẹ́núé (kì í ṣe Ìgèdè-Èkìtì tiwa), àti àwọn Fúlàní tí ọmọ wọn ti ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní Adó gan-an, àwọn Haúsá wà ní Sábó, àwọn Ìgbò oníṣòwò sì wà káàkiri ìlú. Iṣu tí a ń gún jẹ ní Èkìtì, ọwọ́ àwọn òbí ọmọ wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkìtì ló ń sọ nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ló ń bá pàdé nínú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lójú pátákó, pijin ló wà ní pápá bọ́ọ̀lù.

Ní ti mímọ èdè, púpọ̀ nínú wọn ju àwa tó ń kọ́ wọn lọ. Ọmọ ọdún 12 kan wà ní kíláàsì mi tó ń sọ Ìgèdè, tó ń sọ Èkìtì, tó ń sọ pijin, tó tún gbọ́ Haúsá díẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń wá ra iṣu lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nínú káàdì èsì rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ni pé kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu.

2. JSS 1 ni wọ́n ti ń já bọ́

Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ló ń wà pẹ̀lú kíláàsì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ó mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá há, á sọ ọ́ ní Yorùbá, á fọwọ́ júwe, á tún un sọ lọ́la. Tí ọmọ bá dé JSS 1, olùkọ́ bíi mẹ́wàá ni yóò máa wọlé tí yóò máa jáde, ogójì ìṣẹ́jú fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé nípọn sí i, gbólóhùn gùn sí i. Kò sí ẹnì kan nínú àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ pé ọmọ tó jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn kò gbọ́ ìdajì ohun tí a sọ lọ́jọ́ náà.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí kò wọ kíláàsì kò lè rí. Bí ẹ̀kọ́ bá le, Èkìtì ni àwa olùkọ́ máa ń fi tú u, n kò sì bẹ̀rù láti sọ ọ́ ní gbangba, nítorí ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí i tí ojú àwọn ọmọ á mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ á máa ga. Ọmọ Ìgèdè tó wà láàárín wọn wá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: Gẹ̀ẹ́sì kò yé e, àlàyé tí a ṣe sórí Gẹ̀ẹ́sì náà kò yé e. Bí gbogbo kíláàsì bá sì rẹ́rìn-ín sí ohun tí mo sọ, òun náà á rẹ́rìn-ín. Èmi á rò pé ó yé e.

Ní sáà tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá láti àbà àwọn Ébìrà sí JSS 1. Tí mo bá kọ 36 − 15 sójú pátákó, kí n tó yíjú padà ó ti ní 21. Ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ ka ebè ni, tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣẹ́ owó fún oníbàárà ní ọjọ́ ọjà. Ìdánwò dé. Ìbéèrè kan dá lórí oníṣòwò tó ra ọsàn dọ́sìnnì mẹ́ta, tí 15 bàjẹ́ nínú rẹ̀: mélòó ló kù? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà mẹ́ta gbáko. Ọmọ náà wá 3 rí, ó wá 15 rí, ó fi àmì ìròpọ̀ sáàárín wọn, ó kọ 18. Òdo ni. Nígbà tí a dá ìwé ìdánwò padà, mo pe ọmọbìnrin Ébìrà kan láti JSS 3, mo ní kó ka ìbéèrè náà fún un ní èdè wọn. Kò tíì parí gbólóhùn kejì tí ọmọ náà fi sọ pé 21. Ó wá wojú mi, ó béèrè pé ṣé ohun tí wọ́n ń béèrè náà nìyẹn.

Ìṣirò kan náà ni o. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín kí ẹ yé fi irú máàkì bẹ́ẹ̀ ṣe ìdájọ́ orí ọmọ. Ìṣirò tí a fi ọ̀rọ̀ kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ibi tó ń gbé ọmọ ṣubú, tí olùkọ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n lè ti yẹra fún. Bí ìwé bá ní kí ọmọ kọ "5 less than 12", ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ bó ṣe tò tẹ̀ léra yóò kọ 5 − 12. Olùkọ́ tó mọ ibi tí ọ̀fìn wà yóò fi ọjọ́ kan kọ́ wọn ní irú gbólóhùn yẹn nìkan. Olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò fi bírò pupa fà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Jim Cummins ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà ti sọ ọ́ láti ọdún 1979 pé èdè tí ọmọ fi ń tàkúrọ̀sọ yàtọ̀ sí èdè tó fi ń kàwé. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ọmọ tó ṣí wá sí Kánádà, ó rí i pé bí ọdún 2 lè tó kí ọmọ máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ èdè tuntun dáadáa, àmọ́ ó ń tó ọdún 5 sí 7 kó tó lè fi èdè náà kàwé bí àwọn tó bá a láyé. Ẹ fi èyí wé tiwa: ọdún 3 ni gbogbo JSS. Ọmọ tó jẹ́ pé JSS 1 ló ti ń bá Gẹ̀ẹ́sì ìwé wọ̀jà yóò jókòó sí BECE, ìdánwò ìparí JSS 3, kí èdè náà tó balẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó sì gbọ́ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ́pẹ̀pẹ́ ní pápá yóò máa béèrè ìdí tó fi ń fìdí rẹmi nínú ìwé, yóò ní ọ̀lẹ ni. Mo ti gbọ́ ọ ní yàrá àwọn olùkọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

3. Owó ìtanràn àti pátákó ọrùn

Mo ti sọ ti ₦50. Àwọn ibòmíràn wà tí ọmọ á gbé pátákó kọ́rùn títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó sọ èdè abínibí, kó lè gbé e fún un. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ọmọ níbẹ̀: kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó máa tà á. Ọmọ tí ìtanràn bá dùn kì í torí rẹ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ó kàn ń dákẹ́ ni. Ọmọ tó bá sì dákẹ́ ní kíláàsì, ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà mọ ohun tí kò yé e ti dí.

Òfin ilẹ̀ wa kò kórìíra èdè wa tó bẹ́ẹ̀. Abala 97 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 gba Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti lo èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá fi ìpinnu gbà á. Bí aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ní irú àyè yẹn níbi tó ti ń ṣe òfin, ọmọ ọdún 11 tó ń ran àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ kò yẹ lẹ́ni tí à ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 42 sì ní a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀yà tàbí ibi tó ti wá.

4. Ẹ̀rí tí wọ́n fi fagi lé ìlànà 2022 kò dúró

Mínísítà ní agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù ní WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà. Ká tiẹ̀ ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi gbogbo, ọmọ tó wọ Primary 1 ní oṣù kẹsàn-án 2023 yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní Primary 3 nígbà tí wọ́n fagi lé e. Kò tíì jókòó sí ìdánwò WAEC kankan. Àwọn tó ṣe WAEC ní 2023, 2024 àti 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà náà tó dé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè ẹ̀kọ́ wọn ní girama láti JSS 1 dé òpin. Ohunkóhun tó bá gbé wọn ṣubú, kì í ṣe ìlànà 2022.

Ẹ̀rí tó yanjú wà nílẹ̀ Yorùbá, kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún 6. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kíkọ́ dunjú ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Fafunwa kan náà ló padà di Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní 1990. Iṣẹ́ yẹn ti lé ní ààbọ̀ ọ̀rúndún báyìí, síbẹ̀ bí ìjọba bá fẹ́ sọ̀rọ̀ èdè, wọ́n á ṣe bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dán an wò rí.

N kò sọ pé kí ẹ bá Àbújá fa ọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìkéde náà kan èdè tí a fi ń kọ́ni. Kò sọ pé kí ẹ má béèrè èdè tí ọmọ ń sọ. Kò sọ pé kí ẹ má jẹ́ kí ọmọ méjì tó gbọ́ ara wọn jókòó pọ̀. Kò sì sọ pé kí ẹ gba ₦50. Ìpínlẹ̀ ló ń darí JSS rẹ̀. Òfin UBE ti 2004 sì sọ JSS di ara ọdún 9 tó jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́ àti ní dandan. Ọwọ́ yín kò sí nínú ìdè.

5. Iṣẹ́ Yorùbá

Èyí kò gùn. Ọmọ Ébìrà tàbí Fúlàní tó wọ JSS 1 ní Èkìtì ń ṣe ìdánwò Yorùbá kan náà pẹ̀lú ọmọ tó bá a lẹ́nu ìyá rẹ̀. Fúlfúldé kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa, nítorí náà ọmọ tó ti inú rẹ̀ wá ní láti kọ́ etí rẹ̀ lákọ̀tun kó tó lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Kò sí "gb" nínú Haúsá. Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ya Yorùbá fún ọmọ Yorùbá sọ́tọ̀ kúrò lára Yorùbá fún ẹni tí kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ti àkọ́kọ́ nìkan ni mo rí tí wọ́n ń lò. Ọmọ Èkìtì tó bá sì kọ "ulé" sínú àròkọ rẹ̀, olùkọ́ kàn fà á ni, láìsọ fún un pé Yorùbá ni ìyẹn náà, pé èyí tó wà nínú ìwé ni ìdánwò ń fẹ́. Gbólóhùn kan péré ló gbà láti ṣàlàyé rẹ̀.

6. Àwọn òbí

Ìyá kan wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ sí Yorùbá, wọ́n padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá náà jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ń wo ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, olùkọ́ kan fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ. Ta ni ó ń túmọ̀? Ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Olùkọ́ náà mọ̀ pé ohun tí òun sọ kọ́ ni ọmọ yẹn sọ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè ṣe.

Ní àbà kan náà, àgbàlagbà tó gbọ́ Èkìtì àti Ébìrà dáadáa kò wọ́n. Olórí àdúgbò wọn wà. Àwọn ọmọ wọn tó ti ka ìwé mẹ́wàá jáde wà. Kò sí ẹni tó pè wọ́n.

7. Àwọn tó ní kò ṣeé ṣe

Wọ́n á ní olùkọ́ kan kò lè gbọ́ Ébìrà, kó gbọ́ Ìgèdè, kó gbọ́ Haúsá. Òótọ́ ni. Èmi pàápàá, mélòó ni mo gbọ́? Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ Ébìrà nígbà tí ọmọ yẹn rí 21. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mọ ẹni tó gbọ́ ọ, mo sì fún un láyè. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Wọ́n á ní àwọn òbí fúnra wọn fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi náà fẹ́ ẹ. Gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì mi ni mo fẹ́ kó mọ Gẹ̀ẹ́sì débi tí kò fi ní sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ níbikíbi. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn: ọmọ tí ẹ̀kọ́ yé ní èdè tirẹ̀ ló ń tètè rí ibi tí yóò gbé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kà. Èkìtì tó ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn mọ èyí. Àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló bí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyẹn.

Wọ́n á tún ní owó kò sí. Díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ béèrè yìí ló gba owó. Èyí tó gbà á, UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, máa ń ya owó sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Kí apá kan nínú rẹ̀ lọ síbẹ̀.

8. Ohun tí mo ń béèrè

Ọlọ́lá Kọmíṣọ́nnà, mo fẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí gbogbo JSS, ti ìjọba àti ti aládàáni, pé ìtanràn àti pátákó ọrùn lórí èdè ti dópin ní Èkìtì. Kí ìwé náà sọ ọ́ ní kedere pé ọmọ lè fi èdè tó bá gbọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì àti lóde kíláàsì. Èyí ni mo fi ṣáájú nítorí ọ̀sẹ̀ kan tó láti ṣe é, ọmọ yẹn àti àbúrò rẹ̀ sì lè tún máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin SUBEB, kí JSS kọ̀ọ̀kan tó ní irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olùkọ́ kan tí iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó máa rí wọn ní wákàtí kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ní táàmù àkọ́kọ́ JSS 1, lórí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n nílò fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní pàtó. Kí ẹ bá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́ àti FUOYE ní Ọ̀yẹ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá di olùkọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wọn bá ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n fi àkókò náà ṣe ìwé kékeré kan: ọ̀rọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí JSS 1 ń lò, ní Ébìrà, Ìgèdè, Haúsá, Fúlfúldé àti Ìgbò, kí àwọn òbí àti àwọn ọmọ JSS 3 tó ń sọ èdè náà sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò BECE ní ìpínlẹ̀, ẹ gé gbólóhùn kúrú nínú ìbéèrè ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí alábòójútó ìdánwò ka ìbéèrè sókè lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọ tó bá bẹ̀bẹ̀ fún un. Kíkà á sókè kò fi ìdáhùn hàn án. Bákan náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ ṣe ìdánwò Yorùbá tí wọ́n ṣètò fún irú rẹ̀.

Ẹ̀yin prínsípà, ẹ má dúró de ìwé láti Adó. Ẹ wá ẹnì kan ní àbà kọ̀ọ̀kan tí yóò máa túmọ̀ níbi ìpàdé òbí. Ẹ jókòó ti àwọn olùkọ́ yín, kí ẹ ka orúkọ àwọn ọmọ JSS 1 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sọ èdè tí ọmọ náà ń sọ nílé. Ẹ ó rí iye orúkọ tí kò ní sí ẹni tó mọ̀.

Lópin rẹ̀, fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba ọmọ wọ JSS 1 níbi tí mo wà béèrè ẹ̀sìn, ìlú bàbá, iṣẹ́ ìyá àti ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè mẹ́ta yìí wọ inú rẹ̀ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án:

Èdè wo ni ẹ ń bá ọmọ yìí sọ nílé?

Èdè wo ló lè kà, èwo ló sì lè kọ?

Ta ni kí a pè bí a bá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé yín?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan ní JSS, ìlà-oòrùn Èkìtì.